"Bráúsà yín ti gbó, ẹ lọ ṣe update": kí ni wọ́n ń bá wa sọ gan-an?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Bìgì Mọ́mì, ẹ̀gbọ́n màmá mi, pè mí pé kí n wá wo fóònù àwọn, ó ti bàjẹ́. Mo débẹ̀, fóònù ò bàjẹ́. Ó ń pè, WhatsApp ń wọlé, orin ìyìn ń dún lárààárọ̀ bó ṣe máa ń dún. Fọ́ọ̀mù kan ni wọ́n fẹ́ fíìlì lórí wẹ́bùsáìtì iléeṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ, ojú fóònù kàn funfun báláú, nǹkan roboto kan ń yí láàárín, ó ń yí, ó ń yí, títí dátà fi tán. Ìgbà tá a ra dátà míì tá a tún gbìyànjú ẹ̀ ló wá gbé gẹ̀ẹ́sì jáde pé bráúsà wọn ti gbó, kí wọ́n lọ ṣe update. Bìgì Mọ́mì wò mí lójú, wọ́n ní "Kí ló ń jẹ́ bráúsà, ta ló gbé e sínú fóònù mi?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìbéèrè gidi ni. Àwọn tó ti pàdé ọ̀rọ̀ yẹn pọ̀ lọ rẹpẹtẹ, ẹlòmíì á rò pé nẹ́tíwọ̀kì ni, ẹlòmíì á ní wọ́n ti hack òun, ẹlòmíì á gbé fóònù lọ fún àwọn tó ń ṣe fóònù, wọ́n á gbowó lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n á tẹ ibi méjì, wọ́n á dá a padà fún un bó ṣe wà. Bí mo ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún Bìgì Mọ́mì ni mo fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ síbí, torí ó padà yé wọn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ìgbà tó yé wọn tán ni inú wá bí wọn gan-an.

Kí ló ń jẹ́ bráúsà?

Bráúsà ni áàpù tẹ́ ẹ fi ń ka nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Chrome, Safari ti iPhone, Firefox, Opera Mini, Edge tó máa ń wà lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ wa la máa ń sọ pé "mo wọ Google", ká má parọ́, bráúsà la wọ̀, Google kàn jẹ́ ibi tá a ti ń béèrè ọ̀nà ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá ṣí wẹ́bùsáìtì kan, kì í ṣe àwòrán ojú ewé yẹn ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, lẹ́tà ni. Ẹ rántí ayé ìgbà kan, ọmọ lọ sí ìdálẹ̀, ó kọ lẹ́tà sílé, ìyá ẹ̀ ò mọ̀wé, wọ́n á pe ọmọ ilé kejì tó ń lọ sí síkúù kó wá bá wọn kà á. Ọmọ yẹn gan-an ni bráúsà. Wẹ́bùsáìtì á kọ lẹ́tà, bráúsà á gbà á, á kà á, á máa ya ohun tó kà sí ojú fóònù yín.

Nǹkan mẹ́ta ló máa ń wà nínú lẹ́tà yẹn. HTML ni ọ̀rọ̀ gangan: àkọlé rèé, àpótí tí wọ́n á kọ orúkọ sí rèé, bọ́tìnì rèé. CSS ni aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un, àwọ̀ ẹ̀, bó ṣe máa tóbi tó, ibi tí kálukú máa jókòó sí. JavaScript ni iṣẹ́: tí wọ́n bá tẹ ibí, ṣe báyìí, tí nọ́ńbà ò bá pé, pariwo. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ wọn dẹ́rù bà yín, ọ̀rọ̀, aṣọ, iṣẹ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fóònù mi ò kú, báwo ni bráúsà ẹ̀ ṣe wá gbó?

Bráúsà kì í dípẹtà. Èdè tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà ló ń dàgbà. Chrome dé ní 2008, ní 2021 sì ni wọ́n sọ ọ́ di pé kí version tuntun máa jáde lọ́sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, àwọn tó ń ṣe wẹ́bùsáìtì náà sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tuntun bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn aṣọ ọdún. Ọmọ tó ń bá yín ka lẹ́tà, tó bá jẹ́ pé 2016 ló ti fi síkúù sílẹ̀, ó dájú pé á pàdé ọ̀rọ̀ tí wọn ò kọ́ ọ rí.

Tí fóònù ò bá tíì dàgbà púpọ̀, Play Store máa ń dá ọmọ yẹn padà sí síkúù fúnra ẹ̀, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀. Àmọ́ ọjọ́ kan ń bọ̀ tí síkúù máa ní àwọn ò gbà á mọ́. Chrome 109, tó jáde ní January 2023, ni ìkẹyìn fún Windows 7 àti 8, ẹni tó bá ń lo irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ló dúró sí. Kí ọdún yẹn tó parí wọ́n ti já Android 7 náà sílẹ̀. Firefox ṣàánú díẹ̀, wọ́n ya version 115 sọ́tọ̀ fáwọn Windows àtijọ́, wọ́n ṣì tún un ṣe fún wọn fún ìgbà kan lẹ́yìn tí Chrome ti lọ.

Ti iPhone ní wàhálà tiẹ̀. Inú iOS, ètò tó ń darí iPhone, ni Safari tuntun ti ń bọ̀, iPhone 6 tó jáde ní 2014 sì rèé, iOS 12 ló parí sí. Ẹ lè ní "ó dáa, màá lọ dáwúnlóòdù Chrome", kò ní ràn yín lọ́wọ́, torí Apple ló fi dandan lé e pé bráúsà yòówù tó bá máa wọ iPhone, ẹ̀rọ Safari ni kó lò nínú, àfi níbi tí òfin ti mú wọn dẹwọ́, bíi Yúróòpù láti 2024. Chrome orí iPhone àtijọ́, Safari tó wọ agbádá Chrome ni. Àwa tá a ń ra UK-used, a máa ń béèrè bátìrì, a máa ń béèrè bóyá wọ́n ti tú u rí, a kì í béèrè pé iOS mélòó ló lè dé.

Nítorí náà tí wọ́n bá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé "lọ ṣe update", ó dà bíi kí wọ́n sọ fún ẹni tó ń gbé yàrá kan pé kó lọ sùn sí pálọ̀ ẹ̀.

Kí ló dé tí ojú ẹ̀ fi ń funfun báláú?

Ibí ló dùn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ fara balẹ̀.

HTML àti CSS, aláàánú ni wọ́n. Tí ọmọ tó ń ka lẹ́tà bá pàdé ọ̀rọ̀ HTML tí kò mọ̀, á fò ó, á ka ìyókù. Tí aṣọ CSS kan ò bá yé e, á fi í sílẹ̀ láìwọ̀, ojú ewé lè má rẹwà ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ á wà níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí irú ojú ewé tí Tim Berners-Lee, ọkùnrin tó dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀, ń ṣe ní 1991 fi ṣì ń ṣí lórí fóònù òní wẹ́rẹ́.

JavaScript ò mọ àánú. Tó bá rí àmì kan ṣoṣo tí kò yé e nínú abala tó ń kà, kò ní fò ó, á ká gbogbo abala yẹn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí àpẹẹrẹ, wọ́n máa ń kọ àmì ìbéèrè, wọ́n á fi àmì ìdánudúró kan tì í, báyìí: ?. Ó dé inú Chrome ní version 80, ní February 2020, àwọn tó ń kọ kóòdù sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an torí ó ń gé iṣẹ́ kúrú fún wọn. Bráúsà tó ti dúró ṣáájú ìgbà yẹn, tó bá ti kan àmì yẹn, ó parí. Nǹkan tí ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ! Ẹni tó kọ ọ́ gan-an lè má mọ̀ pé òun ló fà á, torí gbogbo ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀.

Ì bá má burú tó bẹ́ẹ̀ ká ní ọ̀rọ̀ ti wà nínú lẹ́tà kí JavaScript tó dé. Àmọ́ ọ̀pọ̀ wẹ́bùsáìtì òde òní, lẹ́tà òfìfo ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, ohun tí wọ́n kọ sínú ẹ̀ kò ju pé "ẹ dúró, JavaScript ń bọ̀, òun ló máa kọ ọ̀rọ̀ tó bá dé". JavaScript wá ṣubú lẹ́nu ọ̀nà. Nǹkan roboto tó ń yí yẹn nìkan ló ti wọlé kó tó ṣubú, òun náà á wá máa yí títí ayé.

Ṣé òótọ́ ni wọ́n máa ń sọ tí wọ́n bá ní bráúsà gbó?

Nígbà míì òótọ́ ni. Tó bá jẹ́ báńkì ló sọ ọ́, ẹ má bá wọn jà. Láàárín fóònù yín àti báńkì, inú àpótí tí wọ́n tì pa ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ sí, kí ẹni tó lúgọ sójú ọ̀nà má bàa rí páswọ́ọ̀dù yín. Àwọn àgádágodo àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní TLS 1.0 àti 1.1, ti di ohun tí olè lè ṣí. Àwọn tó ń ṣòfin káàdì ATM lágbàáyé ní kí gbogbo ẹni tó ń gbowó orí káàdì kúrò lórí 1.0 kí June 2018 tó parí, àwọn bráúsà ńlá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já méjèèjì sílẹ̀ ní 2020. Bráúsà tí ò bá mọ àgádágodo tuntun lò, báńkì ò lè gbà á wọlé, kì í ṣe ìkà.

Ti òǹtẹ̀ náà wà níbẹ̀. Gbogbo wẹ́bùsáìtì tó lálàáfíà ló ní òǹtẹ̀ (certificate lédè òyìnbó) tí ọba kan, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń jẹ́rìí wẹ́bùsáìtì, lù fún un, fóònù yín sì ní àkọsílẹ̀ àwọn ọba tó mọ̀. Àwọn ọba tó wà lórí oyè nígbà tí wọ́n ṣe é ló mọ̀. Let's Encrypt, tó ń lu òǹtẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún wẹ́bùsáìtì tó pọ̀ gan-an, ọba àgbà tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún wọn wàjà ní September 30, 2021, wọ́n ti ní tiwọn tuntun, àmọ́ Android tó ti pẹ́ ju 7.1 lọ ò mọ ọba tuntun yẹn rí. Wọ́n wá ọgbọ́n dá sí i fún ọdún mẹ́ta kí àwọn fóònù yẹn má bàa kú sójú ọ̀nà, ìmọ̀ràn tí wọ́n sì fún àwọn èèyàn nígbà yẹn ni pé kí wọ́n lo Firefox, torí Firefox máa ń gbé àkọsílẹ̀ ọba tiẹ̀ dání, kì í ya ti fóònù lò.

(Kí n tó gbàgbé: tí déètì fóònù yín ò bá tọ̀nà, òǹtẹ̀ tó dáa gan-an á dà bí èyí tó ti kọjá àkókò. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ ju fóònù nù, 2015 ni déètì ẹ̀ wà.)

Nígbà míì sì rèé, kò sóòótọ́ kankan níbẹ̀. Ẹni tó kọ́ wẹ́bùsáìtì kàn fi máígádì sẹ́nu géètì, ó ní kó máa béèrè orúkọ, ẹni tórúkọ ẹ̀ ò bá sí nínú ìwé kó máa lọ. Kò bi í pé kí ló lè ṣe o, orúkọ ló ń béèrè. Ìyẹn ló jẹ́ kí gbogbo bráúsà máa parọ́ orúkọ. Chrome, tí wọ́n bá bi í, á ní Mozilla lòun, á ní AppleWebKit lòun, Chrome lòun, Safari lòun, bí ẹni ń ki ara ẹ̀ ní oríkì. Ìgbà tí Opera dé version 10 ní 2009, àwọn máígádì kan ò mọ̀ ju kí wọ́n ka nọ́ńbà kan ṣoṣo lọ, wọ́n rí 1, wọ́n ní ọmọdé lèyí. Ohun tí Opera ṣe ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé 9.80 lòun.

Àìsàn yìí ti pẹ́. Láyé Internet Explorer 6 tó jáde ní 2001, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló kọ́ wẹ́bùsáìtì tó jẹ́ pé òun nìkan ló lè ṣí i. Ní South Korea, ó pẹ́ gan-an tí ẹni tí kò bá ní Internet Explorer ò lè fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣe báńkì, torí irinṣẹ́ ààbò tí wọ́n gbára lé, inú ẹ̀ nìkan ló ń gbé. Microsoft fúnra wọn padà sin ín ní June 15, 2022, àwọn tó ti so ara wọn mọ́ ọn bẹ̀rẹ̀ sí í sá kiri. Ẹ ṣàkíyèsí pé nígbà yẹn, àwọn tó ń lo bráúsà tuntun ni wọ́n ń lé.

Kí ló kan àwọn tí kò ríran nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ó kàn wọ́n ju àwa tó ríran lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí kò ríran, ó mọ fóònù tẹ̀ jù mí lọ. TalkBack ló ń lò, èyí tó wà nínú Android tó ń ka ojú fóònù sókè. VoiceOver ni ti iPhone. Mo jókòó tì í lọ́jọ́ kan tó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò lórí wẹ́bùsáìtì kan. Ó ń fi ìka ra ojú fóònù, ohùn yẹn ń sáré débi pé etí mi ò lè bá a. Ó dé ibi tó yẹ kó ti sanwó. Ohùn yẹn ní "unlabelled, button". Ó sún síwájú, "unlabelled, button". Mẹ́rin ló tò síbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ni kó sanwó, ọ̀kan nínú wọn ni kó pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, kò sì sí bó ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ èwo. Ó na fóònù sí mi, kò sọ nǹkan kan.

Ẹni tó ṣe bọ́tìnì yẹn ya àwòrán sí i, kò kọ orúkọ sí i. Àwọn míì tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, bọ́tìnì gan-an kọ́ ni wọ́n ṣe, wọ́n kàn fi CSS kun àpótí kan lọ́dà kó jọ bọ́tìnì, wọ́n wá ní kí JavaScript máa ṣọ́ ọ. Bí ẹni ya ilẹ̀kùn sára ògiri ni. Ẹni tó ríran tí JavaScript ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ á gba ibẹ̀ kọjá, ẹni tí kò ríran á fọwọ́ pa ògiri títí, kò ní rí ilẹ̀kùn. Bráúsà Bìgì Mọ́mì náà ò ní rí i. HTML ti ní bọ́tìnì gidi láti ọjọ́ tó ti pẹ́, bráúsà àtijọ́ mọ̀ ọ́n, TalkBack mọ̀ ọ́n, kò ná èèyàn ní kọ́bọ̀. Èmi ò mọ ohun tó ń lé wọn kúrò níbẹ̀.

Àwọn àkàndá ẹ̀dá gan-an ló sì máa ń pẹ́ jù lórí bráúsà àtijọ́. JAWS, áàpù tó ń ka kọ̀ǹpútà sókè, owó ẹ̀ ò kéré, ẹni tó bá ti ra version kan kì í yára pààrọ̀ ẹ̀, JAWS àti Internet Explorer sì ti mọwọ́ ara wọn tipẹ́, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn tó ń lò ó dúró ti Internet Explorer nígbà táwọn èèyàn ti ń sá fún un. Ìgbà tí ọkùnrin kan tí kò ríran bẹ̀rẹ̀ NVDA, tó ń ṣe irú iṣẹ́ JAWS, ní Ọsirélíà ní 2006, tí wọ́n ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, ni ara wá ń tu àwọn tí kò lówó JAWS.

Ìlànà wà fún gbogbo èyí, WCAG ni wọ́n ń pè é, àkọ́kọ́ jáde ní 1999, èyí tó jáde ní October 2023 ni 2.2. Ní Britain, òfin ti fi dandan lé e láti 2018 pé kí wẹ́bùsáìtì ìjọba tẹ̀ lé irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Ní Nàìjíríà, wọ́n buwọ́ lu òfin àwọn àkàndá ẹ̀dá ní January 2019, àmọ́ ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀nà àti ọkọ̀ ló gba iwájú nínú ẹ̀.

Kí n sì fi kàn án, ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tá à ń ka Yorùbá. Lẹ́tà "ẹ́" tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí kò ní ààyè tiẹ̀ nínú Unicode tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. "Ẹ" ni wọ́n kọ, wọ́n wá gbé àmì lé e lórí. Fóònù àtijọ́ tí fọ́ǹtì ẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e, á fi àpótí òfìfo síbẹ̀, tàbí kí àmì fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí ẹni tó ṣe ojú ewé ò bá sì kọ ọ́ sínú HTML pé Yorùbá ni, ohùn tó ń kàwé lè máa fi ahọ́n òyìnbó ka "ọkọ̀" àti "ọkọ" bákan náà.

Ṣé wọ́n lè kọ́ ọ kó gba gbogbo wa?

Wọ́n lè kọ́ ọ. Bíi kéèyàn bu oúnjẹ ni. Àmàlà ló kọ́kọ́ ń délẹ̀, HTML nìyẹn. Gbẹ̀gìrì àti ewédú tẹ̀ lé e, CSS nìyẹn. Ẹran ló kẹ́yìn, JavaScript nìyẹn. Ẹni tí kò léyín, á fi ẹran sílẹ̀, á jẹ àmàlà ẹ̀ yó. Wàhálà tó wà ni pé àwọn kan gbé agolo ẹran síwájú èèyàn, inú ẹran ni wọ́n fi àmàlà pamọ́ sí.

Àwọn tó ń kọ kóòdù á ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù, ta ló fẹ́ máa dán Android 6 wò. Mo gbọ́. Èmi náà ò ní kó rí bákan náà níbi gbogbo, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ jí Internet Explorer dìde. Kí ọ̀rọ̀ ṣe é kà, kí fọ́ọ̀mù ṣe é fi ránṣẹ́, ìyẹn náà ni.

Àwọn tó sì rò pé kò sẹ́ni tó ń lo fóònù jákujàku mọ́, ẹ gbọ́ ìtàn ẹnjiníà YouTube kan. Nígbà kan, ojú ewé fídíò wọn wúwo ju 1MB lọ kí fídíò gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Ó gé e títí ó fi di 98KB. Wọ́n gbé e jáde, wọ́n wo ìṣirò, àsìkò tó fi ń ṣí wá gùn sí i! Ọ̀rọ̀ ò yé wọn àfi ìgbà tí wọ́n wo ibi táwọn èèyàn ti ń wọlé: Áfíríkà, Gúúsù Amẹ́ríkà, ìgbèríko Siberia. Ojú ewé àtijọ́ máa gba irú wọn ní ogún ìṣẹ́jú, kò sẹ́ni tó ń dúró. Tuntun gba ìṣẹ́jú méjì, wọ́n sì ń dúró. Kí wọ́n tó gé e, wọn ò sí nínú ìṣirò rárá, ìyẹn ló jẹ́ kí ìṣirò máa dáa.

Kí lèèyàn lè ṣe báyìí?

Ẹ kọ́kọ́ wo déètì fóònù. Ẹ wọ Play Store, ẹ ṣe update Chrome àti Android System WebView, ìyẹn bráúsà táwọn áàpù míì ń lò nínú. Tí kò bá gbà, ẹ gbìyànjú Firefox. Tó bá jẹ́ Opera Mini lẹ̀ ń lò, ó dáa fún dátà, àmọ́ ọ̀dọ̀ Opera ni wọ́n ti ń se ojú ewé kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, JavaScript kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nítorí náà ẹ bọ́ kúrò lórí mode tó ń ṣọ́ dátà jù nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fíìlì fọ́ọ̀mù. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín: tí ojú ewé bá fúnra ẹ̀ gbé nǹkan jáde pé "tẹ ibí láti ṣe update bráúsà rẹ", ẹ má tẹ̀ ẹ́. Àwọn olè ti ń fi ìyẹn gbé fáírọ́ọ̀sì wọlé fún èèyàn tipẹ́. Lórí fóònù, Play Store, App Store tàbí Settings fóònù fúnra ẹ̀ ni update ti ń wá.

Ti Bìgì Mọ́mì, déètì tọ̀nà, Play Store ní fóònù yẹn ò bá version tuntun mu, Firefox náà ṣí i ó funfun. Fóònù mi la padà lò. Ìgbà tó ṣí, wọ́n gbé awò ojú wọn wọ̀, wọ́n ń kà á: orúkọ, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù. Wọ́n yí ojú ewé sókè, wọ́n yí i sílẹ̀, wọ́n ní "Ó tán?" Mo ní ó tán. Wọ́n ní "Mẹ́rin yìí náà?"

Mo kọ ímeèlì sí iléeṣẹ́ yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n dáhùn lọ́jọ́ kejì pé àwọn dúpẹ́, kí n lọ fíìlì fọ́ọ̀mù ẹ̀sùn tó wà lórí wẹ́bùsáìtì àwọn.